Àwọn Ọmọ Oṣù Kìíní

Inú ṣì ń bí mi. Ó ti pẹ́ tí ọ̀rọ̀ yìí ti ṣẹlẹ̀, orí mi ti hewú, ọmọ tó fà á ti di ìyá ọlọ́mọ, síbẹ̀ bí ẹnikẹ́ni bá jókòó níwájú mi tó ní ilé ẹ̀kọ́ kan dára ju òmíràn lọ torí pé gbogbo ọmọ ibẹ̀ ló ń yege ìdánwò, ara mi á gbóná. Ẹ má sọ fún mi pé kí n ṣe sùúrù. Mo ti ṣe é tó.

Tíṣà ni mí. Ṣójà ni ọkọ mi, Sájẹ́ǹtì ni, wọ́n sì gbé e lọ sí Maiduguri nígbà tí àkọ́bí wa obìnrin ṣì kéré. Inú bárékè là ń gbé. Mo rí iṣẹ́ sí ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tó wà nínú bárékè náà, kíláàsì kẹfà ni wọ́n sì kó fún mi, torí pé kò sí tíṣà tó fẹ́ ẹ. Kíláàsì kẹfà ló ń ṣe Kọ́mọ̀n-Ẹ́ńtíráǹsì, ìdánwò tí ọmọ fi ń wọ ilé ẹ̀kọ́ girama ti ìjọba àpapọ̀. Bí ọmọ bá wọ ibẹ̀, àwọn òbí rẹ̀ á ṣe ìdúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Bí kò bá wọ ibẹ̀, tíṣà kíláàsì kẹfà ni gbogbo bárékè á máa wò níwòkuwò.

Ẹ jẹ́ n sọ bí ilé ẹ̀kọ́ wa ṣe rí fún yín. Ọmọ tó lé ní àádọ́rin ló wà nínú kíláàsì kan. Ilẹ̀ ni wọ́n ń jókòó sí, àwọn mìíràn á tẹ́ àpò sìmẹ́ǹtì. Bí oṣù Kẹta bá ti wọlé, páànù orí wa á máa ta pàà, pàà, òógùn á máa ro sínú ìwé, màá sì kó gbogbo wọn jáde sábẹ́ igi dóńgóyárò. Ọmọ á wà lọ́dọ̀ mi fún oṣù mẹ́ta, ìṣirò á ṣẹ̀ṣẹ̀ máa yé e, ni wọ́n á bá gbé bàbá rẹ̀ lọ sí Kàdúná. Lọ́sẹ̀ kejì, òmíràn á dé láti Ìbàdàn, kò ní gbọ́ Hausa kankan, àwọn ọmọ tó bá níbẹ̀ á sì máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Nínú bárékè, a kì í bi ọmọ tuntun níbi tó ti ń bọ̀. Ọmọ tó bá yọjú sẹ́nu ọ̀nà kíláàsì láàárín ọdún, tó mú ìwé lọ́wọ́, tíráńsífà bàbá rẹ̀ ló gbé e wá. Bí gbogbo wa ṣe gbà á nìyẹn. Ẹ fi èyí sọ́kàn, torí ibẹ̀ gan-an ni wọ́n ti mú mi.

Ọdún àkọ́kọ́ tí mo kó wọn lọ ṣe ìdánwò, ọmọbìnrin kan wà láàárín wọn tí orí rẹ̀ pé ju tèmi tí mò ń kọ́ ọ lọ. Bí mo bá ṣi ìṣirò ṣe lójú pátákó, òun ló máa ń rọra na ọwọ́ sókè. Wọ́n gbé ìwé ìdáhùn fún un. Ojú kéékèèké ló kún inú rẹ̀, èèyàn á wá fi pẹ́ńsùlù kun èyí tó bá jẹ́ ìdáhùn. Ọmọ yìí ò rí irú ìwé bẹ́ẹ̀ rí láti ọjọ́ tí ìyá rẹ̀ ti bí i. Ó mú bírò, ó kọ gbogbo ìdáhùn rẹ̀ ní ọ̀rọ̀, ó kọ ọ́ rèǹtè-rente, ó sì fi rúlà fàlà sí ìdí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Òdo ni wọ́n fún un. Ẹ̀rọ ló ń máàkì, ẹ̀rọ ò sì lè ka ọ̀rọ̀. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń fi ọwọ́ ara mi ya irú ìwé ìdáhùn bẹ́ẹ̀, màá fi kábọ̀nù sí abẹ́ rẹ̀ kó lè pọ̀, ìka mi á dúdú títí dé ọrùn ọwọ́.

Láàárín ìgboro, ilé ẹ̀kọ́ kan wà tí gbogbo Maiduguri mọ̀. Mi ò ní dárúkọ rẹ̀. Pátákó ńlá kan wà lẹ́nu géètì wọn, ọdọọdún ni wọ́n ń fi ọ̀dà tuntun kọ orúkọ àwọn ọmọ tó yege sí i, wọ́n á sì kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé kò sí ẹnì kan tó kùnà. Ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ náà, obìnrin ni, ọmọ ilẹ̀ káàárọ̀-oòjíire bíi tèmi ni. Ìjọ kan náà la jọ ń lọ, a jọ wà nínú ẹgbẹ́ akọrin. Bí àwọn ìyá ọlọ́mọ bá ti rí i báyìí, wọ́n á ti máa kúnlẹ̀.

Ní ọdún kẹta mi, ọ̀gá kan wá láti ẹ̀ka ètò ẹ̀kọ́, ó kó gbogbo wa jọ sínú gbọ̀ngàn kan, ó ń ka èsì ilé ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan. Ó ka ti ilé ẹ̀kọ́ oní-pátákó: gbogbo wọn yege. Wọ́n pàtẹ́wọ́ gbàgà. Ó wá kan tiwa. Ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó bèèrè ẹni tó ń kọ́ wọn. Mo dìde. Ó ní, "Malama," bí wọ́n ṣe ń pe tíṣà obìnrin níbẹ̀, "ṣé oorun lò ń sùn ní kíláàsì ni?" Gbogbo gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín. Mo wà lórí ìdúró níbẹ̀, ilẹ̀ ò lanu kó gbé mi mì.

Kí wá ni èmi òmùgọ̀ ṣe? Mo gbà wọ́n gbọ́! Mo délé, mo bọ́ bàtà, mo sọ fún bàbá ọmọ mi pé ọmọ wa ò ní kàwé níbi tí mo ti ń kọ́ni, ọ̀dọ̀ oní-pátákó ló ń lọ. Ọkọ mi kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó ní, "Ìyá ọmọ mi, ìwọ lò ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ, o wá fẹ́ gbé tìrẹ fún ẹlòmíràn kọ́? Olóúnjẹ tí kì í jẹ nínú ìkòkò ara rẹ̀, ṣé wọ́n á rà á lọ́wọ́ rẹ̀?" Mo ní kó fi mí sílẹ̀, pé kì í ṣe òun ni wọ́n fi ṣe ẹlẹ́yà. Ìbẹ̀rẹ̀ kíláàsì kẹta ni ọmọ mi wọ ibẹ̀, pẹ̀lú sọ́ọ̀kì funfun.

Gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, bí Kérésì bá ti kọjá, tí ọyẹ́ ń fẹ́ eruku bo gbogbo ìlú, Ẹ́dímásítà wa á kó ọmọ mẹ́rin tàbí márùn-ún wá sẹ́nu ọ̀nà mi. Ọkùnrin jẹ́jẹ́ kan ni, ọmọ ibẹ̀ ni, ó ti fẹ́ẹ̀ fẹ̀yìntì. "Malama, sannu da aiki," bẹ́ẹ̀ ló máa ń kí mi kú iṣẹ́. "Àwọn tuntun rèé." Bàtà wọn á máa dán, sọ́ọ̀kì wọn á mọ́. Mo máa ń sọ nínú ara mi pé ọmọ ọ́físà nìyí, torí àwọn ọ́físà kan ò gbé inú bárékè. Fọ́ọ̀mù ìdánwò wọn á ti wà nílẹ̀, lábẹ́ orúkọ tiwa. Bí mo bá bi wọ́n ní ìṣirò, wọ́n á tẹjú mọ́lẹ̀. Mo máa ń bú àwọn bàbá wọn nínú ikùn mi, pé àwọn ṣójà wo ló ń kó ọmọ kiri báyìí nígbà tí ìdánwò ti dé tán. Oṣù mẹ́ta péré ni mo ní láti fi kọ́ wọn. Wọ́n á kùnà, àwa ni wọ́n á sì kọ ọ́ sí lọ́rùn. Lẹ́yìn náà, nínú oṣù Kejì, bẹ́ǹṣì mẹ́ta tàbí mẹ́rin á dé fún wa, ti àlòkù, pẹ̀lú páálí ṣọ́ọ̀kì. Wọ́n fi ọ̀dà pupa kọ lẹ́tà mẹ́ta sábẹ́ bẹ́ǹṣì kọ̀ọ̀kan, lẹ́tà orúkọ ilé ẹ̀kọ́ oní-pátákó. Ẹ́dímásítà ní àánú wa ló ṣe wọ́n. Èmi ni mo kọ lẹ́tà ìdúpẹ́, tí mo fi ọwọ́ ara mi kọ.

Ọmọ mi wá dé kíláàsì kẹfà. Ọ̀sẹ̀ kejì oṣù Kìíní, wọ́n ránṣẹ́ pè mí láti ilé ẹ̀kọ́ oní-pátákó. Mo wọ aṣọ tó dáa. Mo rò pé wọ́n fẹ́ fi ọmọ mi ṣe olórí akẹ́kọ̀ọ́ ni.

Ọ̀gá ní kí n jókòó. Ó ní, "Ìyáàfin, ẹ má jẹ́ kó dùn yín o. Ọmọ yín níwà, ó mọ́ tónítóní. Ṣùgbọ́n a ò ní lè fi orúkọ rẹ̀ ránṣẹ́ fún Kọ́mọ̀n-Ẹ́ńtíráǹsì lábẹ́ wa."

Mo ní, "Kí ló ṣe, mà?"

"Ìṣirò rẹ̀ ò dúró. A ti dán gbogbo wọn wò kí wọ́n tó gba ọlidé. Ẹ sì mọ̀ pé máàkì ìpínlẹ̀ tiyín ga. Èyí tí ọmọ ibí fi máa wọlé, ọmọ yín ò lè fi wọlé. Tó bá kùnà, orúkọ wa ló máa bàjẹ́. Ẹ jẹ́ kó lọ ṣe é lọ́dọ̀ yín."

"Ọ̀dọ̀ wa ibo, mà?"

"Ní bárékè. Ẹ́dímásítà yín mọ̀ sí i. Ọdọọdún la máa ń ṣe é." Ó sọ ọ́ wẹ́rẹ́, bí ẹni tó ní kí n bá òun ti fèrèsé.

Ọdọọdún. Háà! Mo jókòó síbẹ̀, mò ń rí wọn níkọ̀ọ̀kan, gbogbo àwọn ọmọ oṣù Kìíní yẹn pẹ̀lú bàtà dídán. Wọn kì í ṣe ọmọ ọ́físà. Kò sí tíráńsífà kankan. Ilé ẹ̀kọ́ yìí ló ń ṣà wọ́n bí ẹni ń ṣa òkúta nínú ìrẹsì, tó ń dà wọ́n sọ́dọ̀ mi, tó wá ń sọ fún gbogbo ayé pé ìrẹsì tòun ò ní òkúta. Nọ́ọ̀sì tó bá ń gbé aláìsàn tó fẹ́ kú jù sí wọ́ọ̀dù kejì, ṣé yóò máa yangàn pé ẹnì kan ò kú lọ́wọ́ òun? Ohun tí wọ́n ń pàtẹ́wọ́ fún nìyẹn. Ohun tí wọ́n tìtorí ẹ̀ bi mí bóyá oorun ni mò ń sùn nìyẹn.

Mo ní, "Mà, lọ́jọ́ tí wọ́n dójú tì mí nínú gbọ̀ngàn, ẹ wà níbẹ̀. Àwọn ọmọ yín ló kùnà lórúkọ mi. Ẹ mọ̀, ẹ sì bá wọn rẹ́rìn-ín!"

Ó kàn ṣí ojú ìwé kan. Ó ní, "Ìyáàfin, ẹ fara balẹ̀. Gbogbo òbí ló fẹ́ kí pátákó yẹn rí bó ṣe rí. Ẹ̀yin náà tẹ́ ẹ jẹ́ tíṣà, kí lẹ rí kẹ́ ẹ tó gbé ọmọ yín wá?"

Mo dìde. Ìbéèrè yẹn ló tún bí mi nínú jù.

Mo gba ọ̀dọ̀ Ẹ́dímásítà wa lọ tààrà. Mi ò kí i. Mo ní ṣé ó mọ̀. Ó ní òun mọ̀. Ó na ọwọ́ sí kíláàsì mi, ó ní, "Malama, wallahi, tí mo bá kọ̀ wọ́n, bẹ́ǹṣì ò ní wá mọ́. Ṣé kí àwọn tiwa padà sílẹ̀ ni?" Mo wo ibi tó ń nawọ́ sí. Ogójì ọmọ ló ń jókòó lórí àwọn bẹ́ǹṣì yẹn. Bó bá jẹ́ pé ọkùnrin náà burú ni, màá ti bú u, ọkàn mi á sì balẹ̀. Kò burú. Ó kàn ń fi orúkọ wa gba bẹ́ǹṣì.

Nígbà tí mo mú ọmọ mi délé lọ́jọ́ yẹn, ó gbé báàgì rẹ̀ mọ́ àyà. Wọ́n ti ka orúkọ wọn níwájú gbogbo kíláàsì, àwọn mẹ́fà, wọ́n ní kí wọ́n kó ìwé wọn. Hausa ló máa ń kọ́kọ́ bọ́ sí i lẹ́nu bí nǹkan bá dùn ún. Ó ní, "Mama, ni dakikiya ce?" Ohun tó ń bi mí ni pé ṣé olódo ni òun. Ọmọ ọdún mọ́kànlá! Mo ní, "Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?" Ó ní, "Gbogbo wọn. Tíṣà náà." Mo wọ inú yàrá lọ, mo fi ìrọ̀rí bo ẹnu, mo ké.

Nígbà tí mo jáde, mo gba ìwé ìṣirò rẹ̀, mo ṣí i láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ wò ó, ibí yìí ni kí wọ́n ti nà mí. Láti kíláàsì kẹrin ni ìwé náà ti ń sọ̀rọ̀. Ó ń dà á kọ láti ojú pátákó, ó mọ́, ó dára, kò sì yé e. Ẹ̀yìn kíláàsì ni wọ́n fi í sí. Àwọn tó ti mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀ ni tíṣà wọn ń kọ́, torí àwọn ni wọ́n máa kọ sára pátákó. Èmi tí mò ń yẹ ìwé ọmọ àádọ́rin wò lójoojúmọ́, mi ò ṣí ìwé ọmọ tèmi rí, torí pé mo ti gbé e fún pátákó. Wọ́n ní kí á kọ́kọ́ lé akátá jìnnà, kí á tó wá bá adìẹ wí. Mo ti lé akátá títí, mo wá rí i pé adìẹ náà ní ẹjọ́ láti jẹ́.

Àwọn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà wá sọ́dọ̀ mi ní ọjọ́ Ajé. Ọmọ tèmi jókòó láàárín wọn, ó ń pè mí ní Malama bíi tàwọn yòókù. Ọmọbìnrin Kanuri kan tó ga wà níbẹ̀, Umarari ni wọ́n ń gbé, kì í gbójú sókè rárá. Mo ní kí gbogbo wọn dúró lẹ́yìn ilé ẹ̀kọ́ lójoojúmọ́, àwọn àti àwọn ọmọ bárékè. Mo ra máásà, àkàrà ìrẹsì àwọn Hausa, lẹ́bàá ọ̀nà, mo fi ọ̀bẹ gé e sí méjì, sí mẹ́ta, sí mẹ́fà, mo ní, "Ta ló máa jẹ ìdá méjì nínú mẹ́ta?" Ẹni tó bá sọ ọ́ tọ̀nà ló ń jẹ ẹ́. Ọjọ́ kẹta, ọmọ mi jẹ máásà mẹ́rin. Kò sí aago lára ògiri wa, ṣùgbọ́n ṣójà tó bá wà ní gáàdì-rúùmù máa ń lu irin ní wákàtí-wákàtí, mo sì fi ìyẹn kọ́ wọn bí àkókò ṣe ń sáré. Bó bá lu ti mẹ́rin, wọ́n á bẹ̀rẹ̀. Bó bá lu ti márùn-ún, mo ní kí gbogbo pẹ́ńsùlù di ilẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀, wọn kì í dé ìdajì. Nígbà tó yá, wọ́n á ti parí, wọ́n á máa retí irin.

Àwọn ìbejì kan náà ń wá jókòó. Kíláàsì karùn-ún ni wọ́n wà, obìnrin ni àwọn méjèèjì, ọmọ aládùúgbò mi tí à ń pè ní Ìyá Ìbejì. Kò sẹ́ni tó ránṣẹ́ pè wọ́n. Wọ́n á jókòó sẹ́yìn, wọ́n á di ọwọ́ ara wọn mú, ọ̀kan á sọ ìdáhùn, èkejì á ní kò tọ̀nà, wọ́n á jà, wọ́n á sì gbà á láàárín ara wọn. Mò ń ka oṣù tí wọ́n máa wọ kíláàsì mi. Mo sọ fún ìyá wọn pé, "Ìyá Ìbejì, lọ́dún tó ń bọ̀, àwọn méjèèjì yìí ló máa wẹ̀ mí mọ́ lójú aráyé." Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Tíṣà, ọ̀rọ̀ ẹnu yín á ṣẹ o."

Ọjọ́ ìdánwò dé, ọkọ mi bẹ ọ̀gá rẹ̀, wọ́n fún wa ní ọkọ̀ ṣójà kan. Ó kó gbogbo ọmọ náà lọ, ẹni kọ̀ọ̀kan mú pẹ́ńsùlù méjì tí mo fi bíléèdì gbẹ́ fúnra mi. Mo dúró lẹ́yìn fẹ́ǹsì títí wọ́n fi jáde. Ọmọ mi sáré bá mi. Mo ní báwo ni. Ó ní, "Mámà, mo parí kí irin tó lu." Kò sí irin kankan níbẹ̀. Inú orí rẹ̀ ló ti ń gbọ́ ọ.

Nígbà tí èsì jáde, wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri, ilé ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú tirẹ̀. Nínú àwọn mẹ́fà oṣù Kìíní, mẹ́rin yege. Ọmọ mi wà níbẹ̀, ó fi máàkì ìpínlẹ̀ wa wọlé, èyí tí wọ́n ní kò lè ní. Àwọn ọmọ bárékè tó yege pọ̀ ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Ọmọ Umarari yẹn kùnà. Bàbá rẹ̀ wá bá mi, baba àgbàlagbà kan, ó ní, "Malama, mun gode," ó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Ẹni tí ọmọ rẹ̀ kùnà ló ń dúpẹ́! Ó ní ọmọ òun ti ń gbójú sókè. Ọkọ mi, ní tirẹ̀, ó kàn wò mí nídìí oúnjẹ alẹ́, ó ní, "Olóúnjẹ ti jẹ nínú ìkòkò rẹ̀ o." Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi.

Bó bá jẹ́ pé ibẹ̀ ló parí sí ni, mi ò bá má bínú mọ́.

Nínú oṣù Kẹjọ, mò ń lọ sọ́dọ̀ télọ̀ kan ní Jiddari Polo láti gba aṣọ tí ọmọ mi máa wọ lọ sílé ẹ̀kọ́. Òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá. Achaba tó gbé mi gba iwájú géètì wọn kọjá. Ọ̀dà tuntun. Mo yí orí, mo rí orúkọ ọmọ mi. Mo ní, "Tsaya!" Ọlọ́kadà náà fẹ́ẹ̀ gbé wa ṣubú kó tó dúró. Mo sọ̀ kalẹ̀, mo sún mọ́ ọn. Orúkọ ọmọ mi ló ṣe ìkejì láti òkè, orúkọ rẹ̀ àti ti bàbá rẹ̀, gàdàgbà-gadagba. Àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tó yege lọ́wọ́ mi ló wà níbẹ̀. Ìsàlẹ̀ rẹ̀, wọ́n kọ ọ́ bí wọ́n ṣe máa ń kọ ọ́, pé kò sí ẹnì kan tó kùnà.

Mo wọlé láìkan ilẹ̀kùn. Mo ní, "Mà, ẹ pa orúkọ ọmọ mi rẹ́."

Kò tilẹ̀ ya Ọ̀gá lẹ́nu. Ó ní, "Ìyáàfin, ẹ kú oríire. Ọmọ yín lo ọdún mẹ́ta àti ààbọ̀ lọ́dọ̀ wa, oṣù mẹ́ta péré ló lò lọ́dọ̀ yín. Nínú àwa méjèèjì, ta ló kọ́ ọ?"

Mo ní, "Ọmọ Umarari náà ń kọ́? Òun náà wà lọ́dọ̀ yín láti kékeré. Ẹ kọ tiẹ̀ sí i! Ẹ kọ ọ́ pé ó kùnà!"

Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ìyẹn wà lórí ìwé tiyín." Ó tún ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ìpàdé akọrin ọ̀la, ẹ má pẹ́."

Mo jáde. Mo yọ gèlè orí mi, mo rẹ igun rẹ̀ sínú omi òjò, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í nu orúkọ ọmọ mi. Mo nù ún, mo nù ún. Ọ̀dà ti gbẹ. Mègádì wọn dúró tì mí, ó ń bẹ̀ mí, "Haba, Malama, haba," àwọn èèyàn sì ti ń dúró wo obìnrin tí kò wé gèlè tó ń nu pátákó. Mi ò lọ sí ìpàdé akọrin lọ́jọ́ kejì, mi ò sì padà síbẹ̀ mọ́ títí wọ́n fi gbé wa kúrò ní Maiduguri.

Ọ̀sẹ̀ tí ọmọ mi lọ sílé ẹ̀kọ́, Ìyá Ìbejì kan ilẹ̀kùn mi. Ayọ̀ kún ojú rẹ̀. Ó gbé yunifọ́ọ̀mù tuntun méjì kọ́ apá, mo sì mọ àwọ̀ yunifọ́ọ̀mù náà kó tó sọ̀rọ̀. Ó ní, "Tíṣà, mo ní kí n wá fi hàn yín kí n tó fi han ẹnikẹ́ni. Ọkàn mi ò kọ́kọ́ sí níbẹ̀ o. Àmọ́ nígbà tí mo rí orúkọ ọmọ yín lára pátákó yẹn, mo ní kí ni mo tún ń wò? Ibi tí Tíṣà fúnra rẹ̀ fi ọmọ sí, ibẹ̀ ni tèmi ń lọ."

Mo fà á wọlé. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un, láti orí bẹ́ǹṣì títí dé orí gèlè. Mo ní, "Ìyá Ìbejì, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, ẹ fi àwọn ọmọ yìí sílẹ̀ fún mi." Ó gbọ́ mi tán. Ó rọra tún yunifọ́ọ̀mù náà ṣe lápá rẹ̀. Ó ní, "Tíṣà, ẹ má bínú o. Ẹ̀yin ti jẹun yó tán, ẹ wá ń sọ fún wa pé oúnjẹ ibẹ̀ ò dáa. Ṣé ẹ ò fẹ́ kí tèmi náà yege ni?" Ó kí mi pé ó dàárọ̀, ó sì lọ.

Bí ẹnì kan bá sọ irú ọ̀rọ̀ tí mo sọ fún un yẹn fún èmi náà lọ́dún tí mo gbé tèmi lọ, ohun tó fi dá mi lóhùn náà ni màá sọ.

Oṣù Kìíní dé. Ọyẹ́ ń fẹ́, a ò fẹ́ẹ̀ rí géètì bárékè láti ibi tí a wà. Ẹ́dímásítà ò bá àwọn ọmọ tuntun wá lọ́dún yẹn, ó kàn ní kí wọ́n máa lọ sí kíláàsì mi. Mo gbọ́ ẹsẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, mo gbójú sókè. Ọ̀kan nínú àwọn ìbejì ni. Òun nìkan ni. Ó mú ìwé lọ́wọ́, ó wọ sọ́ọ̀kì, ó sì ń wo ẹ̀yìn rẹ̀.

Mo ní, "Èkejì rẹ ń kọ́?"

Ó ní, "Wọ́n ní kó dúró. Máàkì mẹ́rin ló fi jù mí lọ."

Mo ní kí àwọn ọmọ sún fún un lórí bẹ́ǹṣì. Ó jókòó sí igun, ó sì fi àyè sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara rẹ̀. Inú kan náà ni wọ́n ti jáde, orí ẹní kan náà ni wọ́n ń sùn, ẹnikẹ́ni ò sì yà wọ́n rí títí di ọjọ́ yẹn. Orúkọ ọmọ mi ni wọ́n fi yà wọ́n.